Fezile Mtyeku, Ẹni Tó Kọ Ohun Tó Rí Sára Ilẹ̀kùn

Oko Driewilge ni wọ́n ti bí bàbá wa, Fezile Mtyeku, lẹ́bàá ìlú Colesberg ní ilẹ̀ Karoo, níbi tí odò ti máa ń gbẹ fún oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, tí a sì ń pè é ní odò síbẹ̀. Mbambani Mtyeku ni bàbá wọn, ọmọ ìran Jwarha àti Mtika, orúkọ ìdílé tí a fi ń kì wá, àwọn tó gòkè wá láti ìhà odò Kei pẹ̀lú màlúù mẹ́ta nígbà tí ebi lé wọn nílé. Nofikile, ọmọ ìdílé Bhele, ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́fà ni Nofikile bí. Bàbá ni ìkejì. Ẹni tí ẹbí ní kó kọ ìwé yìí, àbúrò Bàbá, ni àbígbẹ̀yìn. Ó ti jìnnà sílé láti ọdún 1964, ó sì ń kọ ọ́ láti Lusaka. Ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí níbẹ̀, ẹnu àwọn tó rí i ló ti gbọ́ ọ, Bàbá fúnra wọn ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn yìí yóò ti rí i pé ọjọ́ ikú nìkan ló wà lábẹ́ àwòrán Bàbá ní iwájú ìwé. Kì í ṣe àṣìṣe atẹ̀wé. Ọkùnrin náà pè wá lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù pé a gbàgbé nǹkan, a sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pé a kò gbàgbé. Ìdí rẹ̀ ni ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Ohun tí Nofikile máa ń sọ ni pé ọdún tí yìnyín bo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa omi lóko ni wọ́n bí Fezile, lọ́sẹ̀ tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó padà sórí adágún. Ìyẹn tó fún wa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1953, ìjọba ìgbà náà fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin dúdú máa gbé ìwé ìrìnnà kiri, Ọ̀gá Àgbà Lategan tó ni oko sì kó Bàbá àti Mbambani, bàbá tó bí wọn, lọ sí ọ́fíìsì ní Colesberg.

Akọ̀wé ọ́fíìsì béèrè pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?”

Mbambani dáhùn pé, “Ọdún yìnyín ni, ọ̀gá. Àwọn àgùntàn ti ń bímọ.”

“Àgùntàn kọ́ ni mo bi ọ́.”

Ọ̀gá Àgbà ló dá sí i. “Kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹṣin mi ń ṣọjọ́ ìbí. Kó bá wọn ṣe é.”

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rín tí wọ́n bá ń fi ọ́ rín, o ní láti bá wọn rín in ni. Àmọ́ wọn ò gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ẹṣin gbé rí, ẹ jẹ́ ká là á yé yín: ní apá ilẹ̀ ayé tiwa yìí, ẹṣin eléré ìje kì í ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ bá ti dé, gbogbo wọn á fi ọdún kan kún ọjọ́ orí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n bí lọ́dún tó kọjá àti èyí tí wọ́n bí lánàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ilé ẹ̀kọ́ oko ni Bàbá lọ, yàrá kan, olùkọ́ kan, kíláàsì mẹ́ta péré. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ló yọ wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to ẹyin sínú agbọ̀n. Nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí ni Ọ̀gá Àgbà ṣe mú wọn kúrò nídìí àgùntàn lọ sídìí ẹṣin, tó sì sọ wọ́n di agbẹ̀bí gbogbo abo ẹṣin Driewilge. Ó tó ọgọ́ta abo ẹṣin tó ń bímọ níbẹ̀ lọ́dún nígbà náà. Oko mẹ́fà mìíràn ló tún wà ní agbègbè wa tó ń sin irú wọn, àwọn ẹṣin tí a mọ bàbá bàbá wọn títí dé ìran kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwa tí a ń tọ́jú wọn kò mọ tiwa kọjá ìkẹrin. Òkúta funfun tó wà nínú ilẹ̀ wa máa ń mú kí eegun wọn le. Bí ọmọ ẹṣin Karoo bá sáré ní Johannesburg tàbí ní Durban, àwọn tó mọ nǹkan á sọ pé ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti gun òkúta rí.

Ní ilé tí àwọn ẹṣin ti ń bímọ, ilẹ̀kùn ńlá kan wà tí wọ́n fi pákó kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kàn. Ara ilẹ̀kùn yìí ni Bàbá ń kọ ìbí sí. Ọ̀dà tí a fi ń sàmì sí àgùntàn ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ bíi gègé: orúkọ ìyá, ọjọ́, aago, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Láti ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń dà á kọ sínú ìwé ìran. Bí ilẹ̀kùn bá kún lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á fi ẹfun kùn ún, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà kọ́kọ́ gbé ọ̀dà náà lé wọn lọ́wọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi lé e: “Ohun tí o bá rí ni kó o kọ. Má kọ ohun tí mo fẹ́.” Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ẹni rere nínú gbogbo ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ ju àwa lọ, ṣùgbọ́n Bàbá gba gbólóhùn yìí lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì dá a padà.

Lọ́dún 1962, Bàbá fẹ́ Nosisa, ọmọ ìdílé Gatyeni, ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Màlúù márùn-ún àti ìbaaka kan ni a san. Ìbaaka náà sá padà wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ìyàwó ránṣẹ́ pé kí a mú un dání, òun ti gbà pé ọmọ òun náà kò ní padà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń kọ̀wé yìí fi ilé sílẹ̀. Òórùn tó gbé lọ ni ti ewé Karoo lẹ́yìn òjò àti ti búrẹ́dì orí ààrò, àti ìrísí Bàbá lẹ́nu ilé ẹṣin pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́, tí wọn ò wẹ̀yìn. Wọn kì í wẹ̀yìn bí ẹṣin bá ń rọbí.

Ọ̀gá Àgbà kú lọ́dún 1988. Ọmọ rẹ̀, Coenraad, gba oko. Ayé ti ń yí nígbà náà. Wọ́n ń ti pápá eré ìje lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn olówó kó ẹṣin wọn lọ sí àfonífojì tútù nítòsí Cape, níbi tí koríko kì í gbẹ. Ọ̀dá ọdún mẹ́rin ṣe ìyókù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, nínú oko ẹṣin méje, Driewilge nìkan ló kù. Àwọn mẹ́fà yòókù ti di pápá tí àwọn àjèjì ti ń yìnbọn fún èsúró. Abo ẹṣin mọ́kànlá ló kù fún wa, ọ̀kan péré ló sì lókìkí láàárín wọn: Saffraan.

Olówó kan wà ní Johannesburg tó sọ fún Ọ̀gá Coenraad pé bí Saffraan bá bímọ gidi fún akọ ẹṣin ńlá kan tó wà ní Cape, òun á ra ọmọ náà, òun á sì kó ogún abo ẹṣin òun wá sí Driewilge. Ogún ẹṣin á mú kí oko wà. Ilé òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lóko. Gbogbo ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló mọ̀ pé inú ikùn ẹṣin kan ni ilé wọn máa wà.

Oyún ẹṣin ń lọ bí oṣù mọ́kànlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gá Coenraad ti fẹ́ gbé Saffraan lọ bá akọ. Bàbá ní kó dúró.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Saffraan kì í gbé oyún pé oṣù. Ìyá rẹ̀ náà kì í gbé e pé.”

“Fezile, ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ló máa ń ga jù tọ́jọ́ ọjà bá dé. Mo fẹ́ kó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀.”

“Kó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ dáa, Ọ̀gá. Kó má lọ jẹ́ àbúrò ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ni mo ń bẹ̀.”

“Ìwọ náà ti darúgbó. Àwọn arúgbó kì í fẹ́ kí nǹkan yá.”

Wọ́n gbé Saffraan lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1997, aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè Coleskop, Saffraan bímọ. Ẹsẹ̀ iwájú kan ṣẹ́ po sínú. Bàbá tẹ apá bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, wọ́n sì tú u. Abo ni, dúdú rẹ́súrẹ́sú, àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bàbá sọ fún ẹni tó ń kọ̀wé yìí pé nínú gbogbo ọmọ ẹṣin tí ọwọ́ àwọn gbà, kò sí èyí tó rẹwà tó o. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n mú ọ̀dà, wọ́n sì kọ ọ́.

Ọ̀gá Coenraad ti ìlú dé lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí. Ó wo ọmọ náà pẹ́ títí, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ilẹ̀kùn.

“Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ, Fezile.”

“Kò tíì gbẹ, Ọ̀gá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nù ún.”

Bàbá dé agolo ọ̀dà náà pa.

“Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ló fi ṣáájú ọjọ́ kìíní, tó ń bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá òru. Ìyẹn nìkan ni mo ń tọrọ. Tó o bá fi í sílẹ̀ báyìí, lọ́la ó ti di ọmọ ọdún kan, a ó sì ní kó lọ bá àwọn tó fi odidi ọdún jù ú lọ sáré. Kò sẹ́ni tó máa rà á. Èmi, ìwọ àti Saffraan la mọ̀. Saffraan ò sì ní sọ.”

“Saffraan ò ní sọ, Ọ̀gá. Èmi ni wọ́n máa bi.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé kó tó di pé Bàbá fúnra wọn dé. Mama Nosisa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé àdúrà Ọjọ́bọ̀ bọ̀ ni, ẹ̀wù pupa ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé ọkọ wọn.

“Jwarha, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ní kí ẹ nu nǹkan nù, tí ẹ ní ẹ ò nù ún?”

“Lóòótọ́ ni.”

“Ilé mẹ́sàn-án ni. Ẹ kà wọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀? Ẹ̀yin fúnra yín, ọjọ́ ìbí èké ni wọ́n fún yín. Ṣé ó pa yín?”

“Kò pa mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti bi mí pé ta ni mí, irọ́ ni mo kọ́kọ́ ń pa fún wọn. Mi ò ní fi irú ẹ̀ ran ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi fà jáde.”

“Ẹṣin ni, Jwarha.”

“Mo mọ̀ pé ẹṣin ni.”

Mama gbé àgbàdo àti ẹ̀wà kalẹ̀ níwájú Bàbá, wọn ò sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gbàdúrà sókè ketekete lójú gbogbo ẹgbẹ́ fún àwọn ọkùnrin olórí kunkun. Mama ló ní ká fi èyí sínú ìwé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni ẹni tó ń ya àmì ara ọmọ ẹṣin sínú ìwé ìran dé. Ó béèrè ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ Saffraan. Bàbá ní àwọn ni. Ó béèrè ọjọ́. Ọ̀gá Coenraad dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Bàbá ní, “Ẹ wo ara ilẹ̀kùn.”

Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà, ó wá wo Ọ̀gá Coenraad. “Ọ̀gbẹ́ni Lategan, ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe kọ ọ́?”

Ọ̀gá Coenraad yọ ọwọ́ lápò. “Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni kó o kọ.”

Ẹbí Mtyeku fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ èyí nípa ọkùnrin náà. Òun ló ni ilẹ̀kùn. Ọ̀bẹ wà nínú àpò rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì fi ha ọ̀dà náà kúrò.

Olówó Johannesburg yọwọ́. Lọ́dún 1999, wọ́n ta oko fún àwọn tó ń sin ẹran ìgbẹ́ fún ọdẹ, àwọn yẹn kò sì nílò òṣìṣẹ́ ilé mẹ́sàn-án. Katakata ló kó ẹrù wa wá sí Kuyasa níbí, lẹ́yìn ìlú Colesberg. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ jókòó lónìí ló wà lórí katakata náà. A kò ní díbọ́n bí ẹni pé a kò mọ ohun tí ẹ pe Bàbá lẹ́yìn ìgbà náà. Tata Wákàtí Mẹ́fà ni, Tata tí í ṣe Bàbá ní èdè wa. MaDlomo, aládùúgbò wa, a máa sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: “Bí ẹ bá fẹ́ mọ aago tó lù, ẹ bi Tata. Òun ló mọ aago tó lé wa nílé.”

Bàbá a máa gbé korobá wọn nílẹ̀ jẹ́ẹ́. “Mẹ́fà àbọ̀ ni, MaDlomo. Má gé e kù.”

Ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n. Nígbà tí ẹni tó ń kọ̀wé yìí wá sílé lọ́dún 2000, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ bi í léèrè nìyẹn: “Àbúrò, ìwọ tó o ti rí ayé, ṣé èmi ni mo pa Driewilge?” Ó ní òun ò mọ̀. Bàbá ní, “Ó dáa. O ò rí i, má sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ta àwọn ẹṣin, ìyá arúgbó kan tó ń sin ẹṣin ní Robertson wá. Kò béèrè ìwé. Ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn han òun, ó fi ìka tọ ìlà kan títí dé òpin, ó sì ra abo ẹṣin mẹ́fà. Ó ní, “Oko tó bá lè kọ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀, mi ò tún ní bi í léèrè ọjọ́ kankan mọ́.” Ó fẹ́ kí Bàbá tẹ̀ lé òun. Bàbá ní omi wọn pọ̀, koríko wọn sì dára, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ jù, àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí rẹ̀. Lwandile, àkọ́bí wọn, ló lọ. Òun ni olórí àwọn agbẹ̀bí níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí Ọ̀gá Coenraad bi Bàbá pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ohun méjì ni wọ́n dárúkọ: ọmọ Saffraan tí ẹnikẹ́ni ò rà, àti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé tí ìjọba kọ́ fún wọn lọ. Wọ́n fọ́ ara ògiri kí wọ́n tó fi í ṣe ilẹ̀kùn ilé.

Izolo ni wọ́n sọ ẹṣin náà, èyí tí í ṣe Àná ní èdè wa. Pápá ìta Kuyasa ló ti ń jẹ láàárín àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bí ọmọ ọba tí wọ́n fi pamọ́ sí abúlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, Bàbá gbé e lọ sí eré ẹṣin àwọn èèyàn wa ní ìhà Sterkspruit, níbi tí wọ́n ti ń sáré lórí pápá gbalasa, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé. Ọkùnrin kan tó wọ kúbùsù béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

“Ìwé ní ọdún márùn-ún. Èmi ní mẹ́rin. Mú èyí tó bá wù ọ́.”

“Àwa ò ka ìwé níbí, Tata. Ẹsẹ̀ la ń kà.”

Izolo gba ipò kìíní nínú eré tó gùn jù. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Àgùntàn kan àti kúbùsù kan ni ẹ̀bùn náà. Bàbá gbé kúbùsù náà wọ ẹṣin, wọ́n fa àgùntàn lọ fún MaDlomo.

Bàbá jẹ́ ìríjú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Kuyasa fún ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìlú jù lọ, àwọn kọ́ ló dá a sílẹ̀. MaDlomo ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2004, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun wá, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn.

“Tata, ẹ bá mi kọ eléyìí síbẹ̀. Èmi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìyá ẹ̀ náà, ẹlòmíì ló fojú díwọ̀n tiẹ̀. Kí ó ti ibì kan bẹ̀rẹ̀.”

“Aago mélòó?”

“Mẹ́ta ọ̀sán.”

“Ṣé o rí i?”

“Ọwọ́ mi ló já sí.”

“Ó dáa. Ṣé kí n yọ wákàtí mẹ́fà níbẹ̀ fún ọ?”

MaDlomo rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó ilẹ̀kùn mú. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Bàbá kọ sára ilẹ̀kùn yẹn, lábẹ́ àwọn ẹṣin. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ìbí á kọ́kọ́ wá wo ilé Mtyeku. Àwọn kan nínú wọn ni yóò gbé pósí lónìí.

Lọ́dún 2011, Ọ̀gá Coenraad wá láti Cape. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ṣí fìlà níta kó tó wọlé.

“Tata Fezile, mo wá wò ó bóyá ẹ ti nù ún.”

“Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ kà á fúnra yín.”

Ó kà á. Ó jókòó. Ó mu tíì. Ó gbé ife kalẹ̀, ó ní, “Àwọn oko mẹ́fà yòókù ò ní ilẹ̀kùn, Tata. Wọ́n ti lọ kí tiwa tó lọ.”

Mama Nosisa gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. “Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń retí ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ tún un sọ sókè díẹ̀, kí MaDlomo lè gbọ́ ọ lójúlé ẹ̀.”

Izolo kú lọ́dún 2017, ó pé ogún ọdún. Ìwé ìran ní mọ́kànlélógún. Bàbá sin ín sí ibi tó ti lè máa wo òkè Coleskop. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í rìn jìnnà mọ́.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2019, nínú ilé wọn, lórí àga wọn, Mama wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi Mama Nosisa sílẹ̀, ìyàwó ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ọmọ mẹ́rin, Lwandile, Nomthunzi, Ayanda àti Mbulelo, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti àbúrò kan tó kù ní Lusaka, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà láyè láti wálé sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ẹbí jókòó láti ṣètò ìwé yìí, àwọn ọmọ ní kí a kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1937 síwájú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Mama Nosisa ní kí wọ́n gbé ọ̀dà àgùntàn wá, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Wọ́n dúró níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ní kí ọkọ wọn nu ìlà kan kúrò lára rẹ̀ rí, wọ́n wá àyè kékeré kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì kọ ọ́: Fezile. 14, oṣù karùn-ún, 2019. Aago méje àárọ̀. Mo wà níbẹ̀.

Nomthunzi bi wọ́n pé, “Ọjọ́ ìbí ńkọ́, Mama?”

“Ìyẹn, kò sẹ́ni tó rí i nínú wa.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀, lára ilẹ̀kùn àti níwájú ìwé yìí.

Láàárọ̀ yìí, ẹnu ilẹ̀kùn náà ni Bàbá máa gbà jáde nílé. Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé wọn, ẹ rọra o, kí pósí má fara kan ọ̀dà. Ti Mama ò tíì gbẹ tán.

Jwarha. Mtika. Ọwọ́ tó gba ọmọ ẹgbẹ̀rún ti gba ìsinmi. Ilẹ̀ líle tí ẹ kọ̀ láti fi sílẹ̀, kó rọ̀ fún yín lónìí. Ẹ sùn un re, Bàbá. Ẹ̀rí yín dúró.